Bí Ìbàdàn Ṣe Sin Ọ̀gá Wolé-wolé Padà sí Etíyanrìn

Ẹni tí kò rí òkun rí ló máa ń mọ bí òkun ti jìn tó. Ẹ má bi mí pé àgbà wo ló pa òwe yẹn. Èmi ni mo pa á. Ohun tó mú mi pa á ni Ọ̀gbẹ́ni Japheth Olúdayọ̀, ọ̀gá wolé-wolé fún Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó, Bẹyẹrúnká àti gbogbo ibi tí bàtà rẹ̀ bá lè gbé e dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á lẹ́sẹ̀. Bàtà náà kéré sí i, ṣùgbọ́n ó ń dán, ẹni tó bá sì fẹ́ kí ayé máa wo òun kì í bi ọmọ ìka ẹsẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀.

Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìbàdàn ni. Òyìnbó ti dé, ó sì ti pàṣẹ pé kí á máa gbálẹ̀, kí á máa bo ìkòkò omi kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Iṣẹ́ wolé-wolé kò ju pé kó wọlé, kó yọjú wo ìkòkò, bí ó bá rí tanwíji níbẹ̀ kó da omi náà nù, kó kìlọ̀ fún onílé, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi lè ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí lè ṣe é, ewúrẹ́ pàápàá lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oyè ni Japheth ka tirẹ̀ sí. Ó dé akoto funfun, ó wọ kóòtù funfun, ó ń rìn bí ẹni tó fi ẹyin há abíyá. Kì í bẹ ìkòkò ẹnikẹ́ni wò láìkọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà kì í sì í yí padà.

"Ẹ̀yin ará inú ilẹ̀ tí òkè ká mọ́ bí adìyẹ inú àgò," báyìí ló máa ń bẹ̀rẹ̀, "ẹ dìde fún orúkọ Etíyanrìn."

Gbogbo agbo ilé á dìde. Ẹni tí ẹ̀rín bá ń pa, á fi ìborùn bo ẹnu.

"Etíyanrìn ni erékùṣù tí a bí èmi sí. Òkun yí i ká ní apá mẹ́rin, òṣùmàrè yí i ká ní apá karùn-ún. Olú-ìlú rẹ̀ ni Etíyanrìn, nítorí pé kò sí ìlú mìíràn níbẹ̀ tó lè bá a du ipò náà. Àdúgbò rẹ̀ ni Iyanrìn Òkè, Iyanrìn Ìsàlẹ̀, àti Iyanrìn Àárín tó máa ń wà lábẹ́ omi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tó sì ti mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lára. Òkun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jọba níbẹ̀. Alákàn ló jẹ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn alákàn ni bàbá bàbá mi. Ogun kan ṣoṣo la jà rí, àwa àti ẹja, a sì ṣẹ́gun. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi ń rí ẹja nínú ọbẹ̀ ènìyàn, tí ẹ kì í rí ènìyàn nínú ọbẹ̀ ẹja."

Sàláúdéènì, ẹni tó máa ń gbé ọ̀pá ọ̀gá yìí tẹ̀lé e káàkiri, á kan sáárá sí i. "Ọ̀gá, ẹnu yín kò ní kan. Mo tún lá àlá Etíyanrìn lánàá. Alákàn kan kí mi."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n máa tẹ̀lé yín, kí n má ṣe yà sí ọ̀tún tàbí òsì."

"Alákàn tó ní làákàyè nìyẹn," Japheth á wí, lẹ́yìn náà ni yóò tó wá ṣí ìdérí ìkòkò.

Bí ó bá mọ síbẹ̀, à bá máa rẹ́rìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n agbára dà bí ata, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò á fi ra ojú ara rẹ̀ àti ojú ọmọ aráyé. Japheth pàṣẹ pé kò sí ilé tí yóò yege bí wọn kò bá mọ ìtàn àti jọ́gíráfì Etíyanrìn. Ó ní kí onílé kọ̀ọ̀kan da iyanrìn funfun síwájú ilé. Ó ní kí á yé wí pé "ẹ káàárọ̀" mọ́, "òkun ti kún" ni kí á máa wí; bó bá di ìrọ̀lẹ́, "òkun ti fà." Ó wá mú odò Ògùnpa, odò tí ewúrẹ́ ń fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó fi í jẹ oyè Òkun Kékeré, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má pọn omi níbẹ̀ títí òun yóò fi kéde pé ó ti kún. Àwọn obìnrin á gbé ìkòkò rù, wọ́n á tò sí etí odò, Japheth á jókòó sórí àga, á máa wo omi. Omi náà á máa wo òun náà. Kò jẹ́ gbé àga ọ̀hún sún mọ́ bèbè, ó ní ọlá òkun kì í jẹ́ kí á rọ̀gbà yí i ká.

Ẹni tí kò bá mọ ìjọba alákàn, omi rẹ̀ dànù nìyẹn. "Omi yín mọ́," Japheth á wí, "orí yín ni kò mọ́." Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni o. Obìnrin tó ti fi òwúrọ̀ dúró de òkun á tún gbé ìkòkò òfìfo, á padà sí etí odò, á máa wí ohun tí n ò lè kọ síhìn-ín.

Wàyí o, ẹ sún mọ́ mi. Japheth kò rí òkun rí láyé rẹ̀. Adégòkè ni orúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí Ọ̀rányàn ni, Àtọ́kẹ́ aláró ló sì bí i. Olùkọ́ ìjọ kan ló mú un lọ sí Abẹ́òkúta ní ọ̀dọ́langba, kó máa fọ abọ́. Etíyanrìn ni olùkọ́ náà ti wá ní tòótọ́. Bó bá jẹun tán, á máa pa ìtàn ìlú rẹ̀ fún àlejò. Adégòkè tó wà ní ilé ìdáná ń gbọ́ ìdajì, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìdajì tó kù. Nígbà tó di géńdé, ó gba orúkọ tuntun, ó dá irunmú sí, ó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó, ó padà wálé. Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀ àfi ìyá rẹ̀.

Ó yọ́ bá ìyá náà ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ tó dé. "Ìyá mi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó hàn pé ẹ mọ̀ mí. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní ìhòòhò kò ní dìde fún akoto mi."

Àtọ́kẹ́ wò ó títí. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá nítorí aró. "Mo gbọ́," ó ní. "N kò ní mọ̀ ọ́, àfi bí o bá ní kí n mọ̀ ọ́." Bí obìnrin yìí bá sì ti wí báyìí, ó tán.

Ọjọ́ kan wá pé tí iṣẹ́ wolé-wolé kan Ọ̀rányàn. Japheth wọ agbo ilé wọn, ó sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, gbogbo ilé dìde, Àtọ́kẹ́ náà dìde. Sàláúdéènì ti ń wò ó bóyá yóò kọjá ìyá arúgbó náà, ìyẹn ni Japheth fi dúró síwájú rẹ̀.

"Ìwọ ìyá aláró," ó ní. Àwọn ènìyàn wojú ara wọn, nítorí pé àlejò pàápàá kì í pe àgbàlagbà ní ìwọ. "Ta ló jọba ṣìkejì ní Etíyanrìn?"

"Alákàn ni, ọ̀gá."

"Ta ni ìyàwó rẹ̀?"

"N ò mọ̀ ọ́n, ọ̀gá. Ẹ kò tíì kọ́ wa dé ibẹ̀."

Japheth fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, kò tíì rò ó dé ibẹ̀. Ojú tì í, ìtìjú ẹni gíga a sì máa wá ibi tí yóò já sí. Ó na ọ̀pá sí ìkòkò aró ìyá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," Àtọ́kẹ́ wí, "aró yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ tó lò ni. Kò sí tanwíji tó lè gbé inú rẹ̀."

"Dà á nù, Sàláúdéènì."

Aró náà ṣàn gba àárín agbo ilé kọjá, ó lọ bá iyanrìn funfun tí wọ́n dà sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́ di dúdú. "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," ni Àtọ́kẹ́ wí, ó sì wọlé. Ó wù mí kí n sọ fún yín pé inú Japheth bàjẹ́. Inú rẹ̀ bàjẹ́ lóòótọ́, títí ó fi dé ilé kejì, tí wọ́n dìde fún un.

Bàbá kan wà ní Bẹyẹrúnká tó ń jẹ́ Àkíbù, ahunṣọ ni. Kì í rẹ́rìn-ín Japheth, kì í sì í bínú sí i. Bí Japheth bá ń sọ̀rọ̀ ìṣáájú, ojú Bàbá Àkíbù a máa kún fún omi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ aró tàn káàkiri, tí àwọn ọ̀dọ́ ń wí pé àwọn yóò ju wolé-wolé sínú Òkun Kékeré, òun ló ní kí wọ́n jókòó.

"Ẹ ń bínú, ẹ ò rí i pé ọkùnrin yìí ń ṣàìsàn?" ó ní. "Àárò ilé ni. Ẹni tó ń dárúkọ ìlú rẹ̀ kó tó bẹ ìkòkò wò, tó ń jókòó ti Ògùnpa tó ń pè é ní òkun, àárò ti wọ̀ ọ́ dé eegun. Wàhálà tó ń kó bá wa, òun ló ń kó bá ara rẹ̀. Wàláì, bó bá kú mọ́ wa lọ́wọ́, kí la fẹ́ wí fún àwọn ará Etíyanrìn?"

Ojú ti gbogbo wọn. Ẹ mọ̀ pé àlejò àti ọmọ àlejò ló tẹ Ìbàdàn dó. Kò sí agbo ilé tí kò ní ìlú mìíràn tí wọ́n ń dárúkọ bí wọ́n bá mumi tán. Àṣà wọn ni pé bí àárò ilé bá mú àlejò, a kì í dì í mú. A ó bá a bẹ ọ̀gá rẹ̀, a ó bá a di ẹrù, a ó sìn ín dé ìpẹ̀kun ìlú, àgbà yóò ṣàdúrà fún un. Ẹni tí a bá sì ti ṣàdúrà fún báyẹn kì í padà sẹ́yìn, kó má baà dà bíi pé ó da àdúrà nù.

Ni Bàbá Àkíbù bá kó àwọn àgbà lẹ́yìn, wọ́n tọ Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó lọ, ògbufọ̀ bá wọn sọ ọ́. "A kò fi ẹjọ́ ọmọ yín sùn," wọ́n ní. "Àánú rẹ̀ ló ṣe wá. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó lọ sílé."

Ajẹ́lẹ̀ dìde lórí àga. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tí yóò rán lọ ṣe wolé-wolé ní Etíyanrìn. Gbogbo ẹni tó rán lọ ló sá padà, wọ́n ní ẹ̀fọn ibẹ̀ pọ̀ ju iyanrìn lọ. Wọ́n wá ń sọ fún un pé ọmọ ibẹ̀ wà lábẹ́ òun, tó ń sunkún láti lọ. Ó bọ Bàbá Àkíbù lọ́wọ́ títí tí bàbá náà fi ń wá ọ̀nà tí yóò fi gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Nígbà tí wọ́n pe Japheth, ó rò pé ìgbéga ni. Ó da òróró sí irunmú, ó mú Sàláúdéènì dání kí ẹlẹ́rìí lè wà. Ajẹ́lẹ̀ sọ fún un pé ó ń lọ sílé. Akoto Japheth yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sà," ó ní, "bí mo bá lọ, ta ni yóò máa kọ́ wọn ní jọ́gíráfì?"

"O ti kọ́ wọn tó," Ajẹ́lẹ̀ dáhùn. "Àwọn gan-an ló wá bẹ̀bẹ̀ fún ọ."

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Sàláúdéènì dúró sẹ́nu ọ̀nà, etí rẹ̀ sì gùn ju ti ehoro lọ. Japheth tún akoto dé, ó ní inú òun dùn dé góńgó. Nígbà tó délé, ó sùn, ó kọ̀ kò dìde, ó ní inú ń run òun. Bàbá Àkíbù bẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó ní kó fọkàn balẹ̀, bí ó bá ti gbóòórùn òkun, ara rẹ̀ á yá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sìn ín, Ọjà'ba kò ná. Àwọn tó ti ń ṣépè fún un lánàá gbé èlùbọ́ wá. Wọ́n gbé ẹní wá, wọ́n fa àgbò wá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣíwájú, wọ́n ń ka ìtàn ìjọba alákàn lọ. Àwọn obìnrin ń wí pé "òkun ti kún" lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì ń wí i tọkàntọkàn. Japheth wà láàárín, ó ń juwọ́ bí ẹni tí wọ́n so okùn mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, Ajẹ́lẹ̀ ti ń dúró, Bàbá Àkíbù sì gbé àdúrà kalẹ̀, gbogbo èrò ṣe àmín.

Japheth gbé ẹsẹ̀ kan lé ọkọ̀. Ó wá bi òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ pé báwo ni wọ́n ṣe ń ti èbúté dé Etíyanrìn.

"Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni, ọ̀gá," ọkùnrin náà wí. "Ìgbì máa ń dà á nù nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ṣáà ni ọmọ òkun."

Japheth gbé ẹsẹ̀ náà sọ̀kalẹ̀. "N ò lọ," ó ní. "Ẹ gbà mí. N kì í ṣe ará Etíyanrìn. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Ọ̀rányàn ni wọ́n bí mi sí."

Àánú bo gbogbo èrò. "Ẹ ò rí i bí àárò ti da orí rẹ̀ rú," obìnrin kan wí, ó ń nu ojú. Bàbá Àkíbù gbá a mọ́ra. "Ọmọ mi, a mọ̀ pé o fẹ́ràn wa," ó ní, "ṣùgbọ́n má tìtorí tiwa kú sílẹ̀ yìí." Àwọn géńdé sì dì í mú lápá, wọ́n fẹ́ ràn án lọ́wọ́ gòkè. Bí ó ṣe ń jà ni wọ́n ń rọ̀ ọ́, bí ó ṣe ń dárúkọ Ọ̀rányàn ni àánú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mo ti rí ẹni tí ìkà pa, n kò tíì rí ẹni tí inú rere fẹ́ẹ́ pa bí eléyìí.

Níbẹ̀ ló rí ìyá rẹ̀ láàárín èrò. Òun náà wá sìn ín. Ó ká aṣọ aláró kan mọ́ àyà, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ìyá mi," Japheth ní, "ẹ sọ fún wọn."

Gbogbo ojú yí sí Àtọ́kẹ́. "Ọ̀gá," ó dáhùn, "ẹ ní kí n má mọ̀ yín."

Ọkọ̀ fọn fèrè. Japheth já ara rẹ̀ gbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku pẹ̀lú kóòtù funfun, akoto yí lọ. "Ẹ mọ̀ mí, Ìyá mi," ó ní. "Mo bẹ̀ yín, ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo da aró yín nù. Ojú ń tì mí."

Àtọ́kẹ́ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀. N kò bá a wí. Lẹ́yìn náà ló tó ní, "Dìde, Adégòkè, o ń ba aṣọ jẹ́." Ó kọjú sí òyìnbó. "Ọmọ mi ni. Kò mọ òkun. Omi kan ṣoṣo tó mọ̀ ni èyí tó máa ń tọ̀ sórí ẹní títí irun fi hù ú lábíyá."

Ògbufọ̀ kọ́kọ́ ní òun kò ní túmọ̀ ìyẹn. Ajẹ́lẹ̀ ní kó túmọ̀ rẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣe ibi tí èdè kò tó. Ajẹ́lẹ̀ wo Japheth, ó bi í bóyá òótọ́ ni. Àgbò ló kọ́kọ́ ké.

"Òótọ́ ni, sà."

Ìyá àgbà kan láti Ọ̀rányàn wá pàtẹ́wọ́. "Adégòkè Atọ̀lé," ó ní. "Mo ti ń wí pé mo mọ orí yìí." Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé Mọ́lété.

Ajẹ́lẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gba akoto, ó gba kóòtù, ó ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra, Etíyanrìn kò sì ní wolé-wolé. Ó béèrè bóyá ẹlòmíràn wà tó mọ erékùṣù náà. Gbogbo èrò yíjú sí Sàláúdéènì.

"Alákàn ti kí i níbẹ̀, sà," ni ọmọ ilé-ìwé kan wí.

Sàláúdéènì ní àlá ni. Bàbá Àkíbù ní àlá rere ni, àdúrà sì ti wà nílẹ̀, kò yẹ kó ṣòfò. Àwọn géńdé tí apá wọn ti gbóná tẹ́lẹ̀ gbé e sókè pẹ̀lú èlùbọ́, ẹní àti àgbò. Wọ́n dé akoto fún un, ó bò ó lójú dé imú, ọkọ̀ sì gbé e lọ.

Adégòkè tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ìyá náà kò fi ọwọ́ kàn án, kò sì bú u. Ó gbé ìkòkò ńlá lé e lọ́wọ́, ó ní gbogbo ilé tó ti da omi wọn nù, kó lọ pọn ọ́n padà fún wọn. Ògùnpa mù ún dé orúnkún, ó fi ọwọ́ kan di bèbè mú, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ sì dúró wò ó. Ó pọn ti Ọ̀rányàn, ó pọn ti Bẹẹrẹ, orí bó, ẹsẹ̀ wú. Ilé Bàbá Àkíbù ló pọn kẹ́yìn.

Bàbá náà dá iṣẹ́ òfì dúró, ó bu omi náà mu, ó ní kó jókòó. Ìbéèrè kan wà tó ti pẹ́ nínú òun, ó ní, òun kàn ń bẹ̀rù akoto ni.

"Adégòkè, bí ènìyàn bá wọkọ̀, tó kọjá Etíyanrìn, tó ń lọ, tó ń lọ lórí òkun yẹn, kí ló wà níbẹ̀?"

Adégòkè la ẹnu. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ó tún pa ẹnu dé. "Bàbá," ó ní, "n ò mọ̀."

Bàbá Àkíbù mi orí, ó fa okùn òfì rẹ̀ mọ́ra. Ó ní nínú gbogbo jọ́gíráfì tó ti kọ́ àwọn, ìyẹn nìkan ló yé òun.